Ẹ gbà mí, fóònù mi ò kọjá lẹ́tà G mọ́

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Ta ni ò tíì sùn? Mo gbé! Pixel 7 mi, fóònù Google, ni mo fẹ́ root, ìyẹn kí n gba àṣẹ lórí gbogbo inú ẹ̀, kí n lè máa gba ohùn sílẹ̀ tí mo bá ń bá bírìkìlà tó ń kọ́lé mi l'Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀. Ohun tó bá sọ lónìí, tó bá dọ̀la á ní òun ò sọ ọ́. Mo tẹ̀lé fídíò kan délẹ̀délẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá tàn án, G á yọ, á kú, á tún yọ. Bó ṣe ń ṣe látìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Àwòrán ìkómọ wa wà nínú ẹ̀ o, ìyàwó mi ò sì tíì gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Nítorí bírìkìlà? Èmi, mo máa ń gbé e sí speaker ni, màá wá fi fóònù àwọn ọmọ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Ẹ fi í sílẹ̀ ná, Màmá. Àbúrò, fóònù tó ṣì ń yọ G ò tíì kú. Tẹ bọ́tìnì tó o fi ń tàn án pọ̀ mọ́ èyí tó ń dín ohùn kù, má sì tètè jù wọ́n sílẹ̀. Kí lo rí?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Fastboot Mode ló kọ sójú. Device state: unlocked.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Dúpẹ́. Fáìlì wo lo fún Magisk, áàpù tó ń root yẹn?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: boot.img, fáìlì tí fóònù fi ń tàn. Bí ẹni inú fídíò ṣe wí nìyẹn.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Pixel wo ló wà lọ́wọ́ òun?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: 6.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Yéèpà.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Ibẹ̀ ló ti wọ́. Android 12 ni Pixel 6 bá jáde, boot.img ni wọ́n ń fọwọ́ kàn níbẹ̀. Tìẹ, Android 13 ló bá jáde, init_boot.img ni Magisk ń fẹ́. Lọ sí ojú ewé tí Google ń kó factory image sí, ìyẹn Android bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, mú èyí tí nọ́ńbà build rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà Android náà, bá ti fóònù rẹ mu gẹ́lẹ́. Zip kan wà nínú zip yẹn, inú ti kejì ni boot.img wà. Má fi Magisk kàn án rárá. Kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà: fastboot flash boot boot.img, lẹ́yìn ẹ̀ fastboot reboot. Nọ́ńbà build wo lo mú tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Ẹ̀gbọ́n, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nínú lísìtì ni mo mú.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Ọlọ́run ò.

Bàbá Jẹ́jẹ́, Houston: Ẹ má fi boot àti init_boot yọ ọmọ lẹ́nu. Kó kọ fastboot flashing lock, kó fi ti fóònù pa padà, kí áàpù báńkì ẹ̀ lè ṣí. Kó wá fi Chrome wọ flash.android.com, Google fúnra ẹ̀ á bá a da gbogbo ẹ̀ padà.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: MÁ TÌ Í PA O! Àbúrò, ṣó o rí mi? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà fẹ́ kí áàpù báńkì ṣí, mo ti bootloader (ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí fóònù bá ń tàn) pa nígbà tí Magisk ṣì wà nínú ẹ̀. "No valid operating system could be found" ló kọ sí mi lójú. Mo bi í ní get_unlock_ability, bóyá ó ṣì ṣeé ṣí, ó dá mi lóhùn 0, ìyẹn kò ṣeé ṣí. Owó aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo fi ra òmíràn. Ẹ wo fọ́tò ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé wọ léèsì aláwọ̀ ewé, èmi nìkan ni mo wọ àǹkárá.

Bàbá Jẹ́jẹ́, Houston: Ọ̀rọ̀ kan náà ni tèmi kọ, mo sì ṣí i padà. 1 ló fún mi. Má fi tìẹ dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Orí yín ló bá yín ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kó fi orí tiẹ̀ náà dán an wò ni?

Bàbá Jẹ́jẹ́, Houston: Èmi ò ní kó tì í bó ṣe wà. Mo ní kó kọ́kọ́ da gbogbo ẹ̀ padà sí ti Google.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Bàbá, ẹ gòkè lọ ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Lock lẹ fi ṣáájú.

Bàbá Jẹ́jẹ́, Houston: Ìyàwó mi ló ń pè mí.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Tiyín tiẹ̀ sàn. Samsung ni tèmi. Ọmọkùnrin kan ní òun á bá mi yọ àwọn áàpù tí mi ò lò kúrò, ó root ẹ̀. Knox, ohun tí Samsung fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti fọwọ́ kan inú fóònù, di 0x1. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di 0x0 mọ́ láyé yìí. Inú Secure Folder, ibi ìpamọ́ tí Samsung ń tì pa, ni mo kó àwòrán ìwé ilẹ̀ mi ní Ìkòròdú sí, kò ṣí fún mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ tún un yà láti ilé, ó sì gba owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò sùn yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwòrán ìkómọ wá ńkọ́?

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Ìyẹn ti lọ kó tó di pé Magisk dé ibẹ̀. Tó o bá ti ṣí bootloader, á nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù. Ó sì sọ ọ́ fún un lójú ibẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Mo rí ọ̀rọ̀ gígùn kan, mi ò kà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Ṣí Google Photos lórí kọ̀ǹpútà wò.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Ó wà níbẹ̀! Ó wà níbẹ̀! Àfi èyí tí Bàbá fi oyin sí ọmọ lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ìyá ìyàwó ẹ ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ. Lọ wo WhatsApp ẹbí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Ká ní ilé ni, Òtígbà lò bá gbé e lọ ní Ìkẹjà. Ọmọ kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó ń jẹ gúgúrú, á ti ṣe é tán kó o tó ra omi tútù.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Tàbí kó yọ bátìrì ẹ̀, kó fi ti ẹlòmíràn sí i.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Gbé e wá sí Rye Lane. Kò sóhun tá ò ní ní Peckham.

Bàbá Jẹ́jẹ́, Houston: Àfi oòrùn. Ẹ wá sí Bissonnet níbí, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn, ẹ máa rò pé Ojúẹlẹ́gbà lẹ wà.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Ìyàwó ti jẹ́ kẹ́ ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n? Ojúẹlẹ́gbà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn! Mọ́tò lẹ fi ń lọ ra búrẹ́dì ní Houston.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Moore Street ló jọ ilé jù, ariwo àwọn tó ń tajà níbẹ̀ nìkan ti tó. Ewùrà gidi ni mi ò rí. Ó ti pẹ́ tí ìkọ́kọrẹ́ ti ń hàn sí mi lójú oorun.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kọ fastboot, "waiting for any device" ló ń sọ, kò lọ. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Jẹ́jẹ́, Houston: Pààrọ̀ wáyà. Ihò mìíràn lára kọ̀ǹpútà náà. Tó bá jẹ́ Windows, fi Google USB Driver sí i.

Akọ Ìbàdàn, Manchester: Ìkọ́kọrẹ́ náà loúnjẹ? Àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹran orí. Òjò ń pa páànù níta. Ẹ má jẹ́ n sunkún, iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Ó ti rí i! Ṣé boot nìkan ni mo máa dá padà ni, àbí init_boot náà? Mi ò mọ nọ́ńbà build yẹn o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Màmá, ṣé ewùrà wà ní Rye Lane lóòótọ́?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ó wà. Mo rí i lọ́jọ́ Sátidé, ó tóbi, ó sì wọ́n. Tó o bá ní ẹni tó ń bọ̀ láti Dublin, jẹ́ kó bá mi mú gaàrí Ìjẹ̀bú dání, èyí tó kan gan-an.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Kóńgò mélòó?