Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi ò sùn mọ́ nítorí fóònù

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, wo fídíò kan lórí bí èèyàn ṣe lè di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Látìgbà náà, irú rẹ̀ ni áàpù tó ti wò ó ń kó wá bá a. Bí ọ̀kan bá ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Iyán tó fẹ́ràn gan-an, ó ti ń ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn báyìí.

Bàbá rẹ̀ ní ká gba fóònù náà. Ó dáa, àmọ́ àwọn tó ṣe áàpù náà bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òfin Online Safety Act ti 2023, ìyẹn òfin ààbò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní UK níbí, fún Ofcom, àjọ tó ń mójú tó òfin náà, lágbára láti bu ìtanràn tó lè tó ìdá 10 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ kan kárí ayé. Ìjọba ni ìyẹn wà fún o. Èmi òbí ńkọ́?

Ṣé ẹnì kan nínú yín ti gba lọ́yà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí rí? Ẹ̀rí wo ni kí n máa tọ́jú? Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń bá ọmọ tó ti takú sọ̀rọ̀ tí kò fi ní ti ilẹ̀kùn mọ́ yín?