Ìrìn ẹsẹ̀ ní Nara àti Kyoto pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbíkẹ́_Peckham:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ní ìparí oṣù kẹwàá, èmi àti màmá mi ń lọ sí Japan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọn ò bá ti Tokyo wá rárá, àwọn ìlú tẹ́ńpìlì àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ rí. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn tó ní àwòrán ilé gogoro onígi alájà márùn-ún. "Nara" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Nara ò ti kúrò lẹ́nu wọn.

Mo fẹ́ gba afinimọ̀nà tí yóò jẹ́ tiwa nìkan, ká jọ máa rìn jẹ́jẹ́. Màmá ti pé 68, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n lè rin wákàtí méjì bí wọ́n bá ń rí ibi jókòó. Àtẹ̀gùn ni ò gba tiwọn. Ibo ni ká kọ́kọ́ lọ, Kyoto, Nara àbí Kamakura? Báwo lẹ ṣe rí afinimọ̀nà tó mọṣẹ́? Ọ̀rọ̀ kan sì kù: ọmọ Ìjọ Áńgílíkà paraku ni màmá, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn ò ní forí balẹ̀ fún ère kankan. Ṣé kò ní di wàhálà?

Bàbá_Ìbejì_Yokohama:

Àbíkẹ́, ẹ kú ìmúra. Ọdún kọkànlá mi rèé níbí, mo sì ti mú àlejò láti ilé lọ síbẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà. Nara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ sì sùn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ti Kyoto wá láàárọ̀, torí ọkọ̀ ojú irin Kintetsu tó yá ò lò ju bí ìṣẹ́jú 35 lọ, wọ́n á sì padà nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ ló ń rí ìlú náà nígbà tí ariwo bá ti lọ.

Láti 710 sí 784 ni Nara fi jẹ́ olú-ìlú. Ohun tó kù níbẹ̀ wà létí ọgbà ńlá kan tí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, àǹfààní ńlá lèyí jẹ́ fún orúnkún màmá. Tẹ́ńpìlì Todai-ji ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn òmìrán onígi méjì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ga ju mítà 8 lọ. Unkei àti Kaikei pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló gbẹ́ wọn ní 1203. Èrò máa ń sáré kọjá lábẹ́ wọn láti lọ wo Búdà, ẹ̀yin ẹ dúró. Bàbá bàbá mi gbẹ́ igi, nígbà tí mo sì rí bí iṣan ṣe yọ lẹ́sẹ̀ àwọn òmìrán yẹn, mi ò lè gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún, Búdà onídẹ tó jókòó ga tó nǹkan bíi mítà 15. Ọdún 752 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ tí wọ́n fi la ojú ère náà. Iná ti jó ilé tí Búdà náà wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tẹ́ ẹ máa rí, 1709 ni wọ́n kọ́ ọ parí, kò sì fẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ẹ máa wò ó kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ó kéré!

Àmọ́ ẹ bi màmá ní ìbéèrè kan fún mi: nínú kàlẹ́ńdà yẹn, ṣé omi wà níwájú ilé gogoro náà? Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè.

Ọmọ_Mọdákẹ́kẹ́:

Ìbọ̀sẹ̀ o! Ní ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì, ẹ máa bọ́ bàtà. Èmi tí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ tó lu lọ sí Sanjusangen-do ní Kyoto, àtàǹpàkò mi ló ṣáájú mi wọlé. Ère Kannon, ẹni àánú nínú ẹ̀sìn Búdà, 1,001 ló sì ń wò mí. Kí màmá wọ bàtà tí kò ní okùn, kí wọ́n má báa máa bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ dára fún wọn ṣá, ilé gígùn tó tó mítà 120 ni, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọn kì í jẹ́ ká ya fọ́tò nínú rẹ̀.

Ìyá_Tolú:

Lórí ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà, ojú mi rí nǹkan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti gba ti àkọ́kọ́. Tẹ́ńpìlì méjì la rí lọ́jọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló mú wa wọ̀. Ìgbà tó yá ni mo wá gbọ́ pé ní Japan, láti 2018, ẹnikẹ́ni lè máa gba owó ṣe afinimọ̀nà. Àwọn tó yege ìdánwò ìjọba ṣì wà, wọ́n sì ní káàdì. Ẹ béèrè fún káàdì náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orúnkún sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé: àtẹ̀gùn mélòó ló wà lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ mú wa gbà? Ẹni tó bá mọṣẹ́ á dáhùn. Ẹni tó bá ní "kò sí ìṣòro" lásán, ẹ wá ẹlòmíràn.

Wákàtí mẹ́rin ti tó lọ́jọ́ kan. Ní Nara, àwọn afinimọ̀nà ọ̀fẹ́ wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn. Owó ọkọ̀ wọn àti oúnjẹ ọ̀sán lẹ máa san. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní owó ìdúpẹ́ lé e, wọn kì í gbà á níbẹ̀. Ẹ̀bùn kékeré láti ilé ló dáa jù.

Ẹ̀gbọ́n_Déńdè:

Mo ta ko Bàbá Ìbejì díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ìtòsí Kamakura, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rárá? Wákàtí kan péré ni láti Tokyo. Búdà onídẹ ti ibẹ̀ jókòó sí gbangba, òjò ń rọ̀ lé e lórí, torí omi òkun ti gbé ilé tó bò ó lọ láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Nara lọ.

Bàbá_Ìbejì_Yokohama:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbàgbé. Búdà yẹn ò ní wàhálà, àmọ́ àwọn tẹ́ńpìlì Engaku-ji àti Hase-dera tó wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ro ti orúnkún.

Fọlákẹ́_Houston:

Ọmọ àlùfáà ni mí, ẹ jẹ́ kí n fọkàn yín balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní kí màmá forí balẹ̀. Kí wọ́n ṣí fìlà bó bá wà lórí, kí wọ́n sì má pariwo, ó parí. Bí ẹ bá rí àwọn èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́, ojúbọ Shinto nìyẹn, tí ẹnu ọ̀nà onígi pupa tàbí òkúta máa ń wà níwájú rẹ̀. Wọn kì í pàtẹ́wọ́ ní tẹ́ńpìlì Búdà. Ti títẹ orí ba, ìkíni ni níbẹ̀, bí ìkúnlẹ̀ tiwa. Màmá á ti tẹrí fún ọlọ́jà ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí ọjọ́ kejì tó pé, wọn ò ní mọ̀ pàápàá.

Ní Kyoto, ẹ fi òkè tẹ́ńpìlì Kiyomizu-dera sílẹ̀ àyàfi bẹ́ ẹ bá lè débẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí wọ́n ń ṣí i, kí takisí gbé yín dé ibi tó bá lè dé. Nanzen-ji ni mo máa fi rọ́pò rẹ̀. Nínú ọgbà rẹ̀, afárá onígbíríkì kan tó ń gbé omi adágún Biwa kọjá wà níbẹ̀, láàárín àwọn ilé onígi. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rìn létí omi lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Onímọ̀ Ìjìnlẹ̀, bíi kìlómítà méjì. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ rìn ín tán.

Àbíkẹ́_Peckham:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti bi màmá. Wọ́n ní omi wà níwájú ilé náà, òjìji rẹ̀ sì hàn nínú omi.

Bàbá_Ìbejì_Yokohama:

Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Tẹ́ńpìlì Kofuku-ji ní Nara ni, létí adágún Sarusawa. 1426 ni wọ́n kọ́ ilé gogoro yẹn, ó ga tó mítà 50, àmọ́ àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́ lórí rẹ̀, wọ́n ti bò ó látòkè délẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Mi ò ní parọ́ fún màmá. Àmọ́ ẹ mú wọn lọ sí tẹ́ńpìlì Horyu-ji, bí ìṣẹ́jú 12 lọ́kọ̀ ojú irin láti Nara. Alájà márùn-ún wà níbẹ̀ náà, kò ga tó ti Kofuku-ji, àmọ́ ó fi ju 700 ọdún lọ dàgbà jù ú lọ. Àwọn ilé ibẹ̀ wà lára ilé onígi tó pẹ́ jù tó ṣì dúró láyé. Bọ́ọ̀sì ń gbéni láti ibùdókọ̀ ojú irin, ọ̀nà inú rẹ̀ sì tẹ́jú.

Nǹkan kan tún kù: ìparí oṣù kẹwàá ni ilé ọnà ìjọba ní Nara máa ń kó ìṣúra Shosoin, ilé ìṣúra àtijọ́ ti Todai-ji, síta, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dún. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń kún nígbà yẹn, ẹ tètè gbà á.

Àbíkẹ́_Peckham:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀ lórí ti Kofuku-ji. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bi yín: omi yẹn, ṣé wọn ò bo òun náà?

Bàbá_Ìbejì_Yokohama:

Wọn ò bò ó. Bẹ́ǹṣì wà létí rẹ̀, àwọn ìjàpá sì máa ń yáàrùn lórí òkúta inú rẹ̀.

Àbíkẹ́_Peckham:

Wọ́n ní ó ti tó. Ibẹ̀ la máa kọ́kọ́ lọ.