Báwo lẹ ṣe ń fi pépà kọ́ àwọn ọmọ?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Tíṣà ni mí, mo ní káwọn ọmọ kíláàsì mi máa gé ìròyìn kan nínú pépà láràárọ̀, kí wọ́n fàlà sábẹ́ ibi tẹ́nì kan ti ṣèpinnu, ká wá jọ sọ ohun táwọn náà ì bá ṣe. Àṣé wàhálà ni, ìròyìn olè àti ìpànìyàn ni wọ́n ń gé wá ṣáá, ọ̀kan tiẹ̀ gé ìpolówó bàtà wá, ó lóun ti pinnu láti rà á (ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí). Ṣé kí n máa kọ́kọ́ yọ èyí tó le jù kúrò ni, àbí ojú ewé eré ìdárayá nìkan ni kí n fún wọn? Ọmọ ọdún 9 sí 10 ni wọ́n o.