Kí ló dé tí wọn kì í ta oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀fun ń dùn mí, mò ń wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi sì ti di aláwọ̀ ewé. Mo fẹ́ ra amoxicillin, ọ̀kan lára àwọn apakòkòrò, wọ́n ní àfi kí n mú ìwé dókítà wá. Kí ló wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú paracetamol? Kápúsù díẹ̀ ṣẹ́kù nílé lára èyí tí wọ́n kọ fún ẹlòmíì. Ṣé n kò lè lo ìyẹn?

Apòògùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ara á yá. Ẹ má fọwọ́ kan kápúsù yẹn.

Paracetamol ń mú ìrora àti ara gbígbóná wálẹ̀, ohun yòówù kó fà á. Amoxicillin kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri tó yí bakitéríà ká ló ń bá jà: kì í jẹ́ kó rí ògiri náà mọ kó dúró, ni bakitéríà bá bẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní irú ògiri yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn àti èyí tó pọ̀ jù nínú ikọ́ àti ọ̀fun dídùn. Ẹ gbé odindi páálí mì, kò rí nǹkan kan bá jà níbẹ̀.

Ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ewé, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó wá gbèjà ara ló ní èròjà aláwọ̀ ewé nínú. Bí wọ́n bá ti pọ̀ níbẹ̀, àwọ̀ á yí, ì báà jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló fà á. Irú ikọ́ yìí lè tó ọ̀sẹ̀ 3 kó tó lọ tán fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì: Òótọ́ ni apòògùn sọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀fun dídùn ni fáírọ́ọ̀sì o. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Streptococcus. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ṣàkóbá fún ọkàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá lára ọmọdé. Ohun tí dókítà ń wò ni pé: ṣé ara gbóná, ṣé ọyún funfun wà nínú ọ̀fun, ṣé kókó ọrùn níwájú wú, ṣé ikọ́ kò sí? Ikọ́ tí ẹ ń wú yẹn gan-an kì í sábà bá a rìn. Bó bá ṣì ń fura, á fi òwú ra ọ̀fun fún àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ òun lóòótọ́, ọjọ́ 10 ni wọ́n sábà máa ń fi lo penicillin tàbí amoxicillin sí i. Àjẹkù kápúsù ò lè tó o.

Ẹ tún rántí àwọn tí ara wọn kì í gba penicillin. Ara lè yún wọn, ètè lè wú, mímí lè di ogun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni amoxicillin, ampicillin àti cloxacillin. Ẹni tí ọ̀kan bá ti ṣe báyìí rí kò gbọ́dọ̀ dán ìkejì wò fúnra rẹ̀ torí pé orúkọ yàtọ̀.

Òṣìṣẹ́ láàbù: Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ oògùn tó máa ṣiṣẹ́. Ẹ mú ìtọ̀ aláìsàn bí àpẹẹrẹ. A ó kọ́kọ́ jẹ́ kí bakitéríà inú rẹ̀ hù, a ó wá fi ra ojú àwo pẹrẹsẹ kan látòkèdélẹ̀. A ó to ègé pépà róbótó-róbótó lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 6, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lára wọn. Ó di inú ẹ̀rọ tó gbóná tó ìwọ̀n 35 fún wákàtí 16 sí 18. Níbi tí oògùn bá ti ràn án, òrùka mímọ́ á yí pépà ká. Níbi tí kò bá ti ràn án, bakitéríà á hù wọ́ọ́rọ́wọ́ dé etí pépà. Lórí àwo kan náà, amoxicillin lè má ní òrùka rárá, kí ti nitrofurantoin, apakòkòrò mìíràn, sì fẹ̀ dáadáa.

Síbẹ̀, ibi tí àìsàn wà ṣe kókó. Inú ìtọ̀ ni nitrofurantoin ń kóra jọ sí, ó dára fún àpòòtọ̀, kò wúlò fún òtútù àyà tàbí kíndìnrín. Ẹni tó bá sì ti gbé apakòkòrò mì kó tó gbé ìtọ̀ wá, àwo rẹ̀ lè má hu nǹkan kan, a ò sì ní mọ ohun tí à ń bá jà.

Bákan náà, oògùn tí ẹ lò lásán ò fi àwọn bakitéríà inú ìfun yín sílẹ̀. Ó ń pa àwọn tó rọ̀, ó ń fi àwọn olórí kunkun sílẹ̀, àwọn yìí sì lè fi agbára wọn lé aládùúgbò wọn lọ́wọ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ fún mi, ṣé dandan ni kí n lò ó tán bí ara bá ti yá?

Apòògùn: Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ ni kí ẹ lò. Ọjọ́ náà ti kéré ju tàtẹ̀yìnwá lọ fún àìsàn púpọ̀, nítorí náà ẹ má fi kún un, ẹ má sì dá a dúró láìbi dókítà. Kó tó kọ ọ́, ẹ sọ oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, pàápàá warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bóyá kíndìnrín ń yọ yín lẹ́nu, bóyá oyún wà, àti apakòkòrò tí ẹ lò láàárín oṣù 3 sẹ́yìn.

Bí ẹ ṣe ń lò ó náà yàtọ̀ síra. Doxycycline ń fẹ́ ife omi kíkún, ẹ má sì dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má baà jó ọ̀nà ọ̀fun. Ciprofloxacin kò gbọ́dọ̀ pàdé oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, kálísíọ́ọ̀mù tàbí oògùn inú kíkan. Wọ́n á so mọ́ ọn nínú ikùn, ara ò ní rí i fà. Ẹ lò ó ní wákàtí 2 ṣáájú wọn tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà fún apòògùn.

Nọ́ọ̀sì: Ní báyìí ná, ẹ po ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi yọ ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù. Paracetamol àgbà kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, kí ẹ sì ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn, torí ó sábà máa ń wà nínú wọn náà. Bí mímí bá ṣòro, bí ẹ kò bá lè gbé itọ́ mì, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ rí dókítà. Bí ara bá ṣì ń gbóná ju ìwọ̀n 38 lọ lẹ́yìn ọjọ́ 3, ẹ lọ náà.