Ẹ jọ̀ọ́, kí ni antidote tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn ẹ̀fọn?

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun ẹ là mí lọ́yẹ̀. Oògùn ẹ̀fọn kan tí mo rà lọ́jà, ìsàlẹ̀ ìgò ẹ̀ pátápátá níbi tí ojú ò ti fẹ́ ríran ni wọ́n kọ ọ́ sí, "Antidote: Atropine". Mo mọ̀ pé aporó nìyẹn, ohun tó ń pa oró májèlé, àmọ́ ṣé èèyàn lè rà á sílé ni? Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní abẹ́rẹ́ ni, ọsibítù nìkan ni wọ́n ti ń gún un, pé tí wọ́n bá gún un fún ẹni tí ò nílò ẹ̀, àyà á máa já, ẹnu á gbẹ táútáú. Ìyá ọkọ mi ní tiwọn ní epo pupa ti tó, èmi ò gbà o, torí mo gbọ́ pé tọ́mọ bá ń bì epo yẹn lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ti ejò wá ńkọ́, ṣé ejò kọ̀ọ̀kan ló ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀ ni? Ẹ̀yin dókítà àti onímọ̀ oògùn tẹ́ ẹ wà níbí, ọmọ kékeré wà nílé wa, tó bá lọ ṣẹlẹ̀ (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe ká tó dé ọsibítù?