Iṣẹ́ wo gan-an ni àwọn alábòójútó láíbìrì àtijọ́ ń ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mò ń kà nípa Mary Titcomb tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní láíbìrì Hagerstown, ní Maryland l'Amẹ́ríkà, ní 1901. Ṣé ìwé nìkan ló ń yá àwọn èèyàn ni àbí iṣẹ́ míì wà ńbẹ̀?

Èsì: Iṣẹ́ pọ̀ o! Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, gbogbo ìwé ló ní káàdì tiẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ púpọ̀ nínú ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ́ àwọn alábòójútó ní irú ìkọ̀wé kan tó dá yàtọ̀ kí ẹnikẹ́ni lè rí i kà. Ká má tíì sọ títo ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà Dewey, ìyẹn ètò tó ń fi nọ́ńbà pín ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n dá lé, tó jáde ní 1876.

Èsì: Kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí Titcomb ní kí wọ́n fi máa kó ìwé kiri ló wú mi lórí jù. Màmá yẹn rí i pé àwọn àgbẹ̀ tó jìnnà ò ráyè wá sígboro, ló bá ní kí ìwé máa lọ bá wọn nílé, 1905 nìyẹn, Joshua Thomas tó ń tọ́jú ilé láíbìrì ló ń wà á kiri oko. Ní 1910 reluwé kọlu kẹ̀kẹ́ náà ó sì fọ́ yángá, àmọ́ wọn ò jáwọ́, nígbà tó di 1912 mọ́tò ni wọ́n fi ń kó ìwé kiri.

Olùbéèrè: Háà, ẹ ṣé gan-an ni! Obìnrin yìí mà gbìyànjú o.