Ẹ gbà mí o: ṣé 104 burú nínú bowling, àbí àbúrò ọkọ mi kàn fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí lè kéré lójú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ó ń bí mi nínú gan-an. Ibi iṣẹ́ kó wa lọ ta bowling, eré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lọ wó pin, igi mẹ́wàá tí wọ́n tò síwájú. Wọ́n gba owó bàtà lọ́tọ̀, bàtà tí gbogbo ayé ti wọ̀. A ní kí wọ́n fún wa ní ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ní owó tirẹ̀ náà tún wà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ mú débi pé ìka mi le gan-n-gan. Nínú gbogbo ìyà yẹn náà ni mo gba 104, tí mo ṣe ipò kejì ní ẹ̀ka wa. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, mo fi sórí WhatsApp ẹbí ọkọ mi.

Ẹ gbọ́ ohun tí àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston sọ: “Ìyàwó wa, 104 kẹ̀? Àwọn ọmọdé níbí ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó wá gbé tirẹ̀ síta: 165. Ọkọ mi fi ẹ̀rín sí i. Ìyá ọkọ mi tó wà n'Ìbàdàn, tí kò rí bowling rí, náà fi ẹ̀rín sí i. Ní báyìí “Ìyá 104” ni wọ́n ń pè mí. Àbúrò ọkọ mi náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Thanksgiving, ó ní a ó jọ ta á, ẹni tó bá pàdánù ni yóò gún iyán fún gbogbo ilé. Máàkì mélòó gan-an ló dáa? Kí ni kí n ṣe tí n ó fi kọjá 165 kó tó dé? Ẹ má sọ fún mi pé eré lásán ni o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. 104 kò burú fún ẹni tí kì í lọ déédéé, àmọ́ kò tíì dáa. Tí ẹ bá wó pin mẹ́sàn-án ní frame mẹ́wẹ̀ẹ̀wá (ìpele mẹ́wàá tí eré kan pín sí) láìrí spare kankan (kí bọ́ọ̀lù méjì wó pin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá), 90 ni. Ìyẹn ni pé ẹ rí spare tàbí strike (kí bọ́ọ̀lù kìíní wó gbogbo wọn) díẹ̀. Ẹni tó ń ta á léraléra, 130 sí 150 ni mo lè pè ní dáadáa. 200, ọwọ́ ẹni náà ti mọ́ ọn. 300 ni òpin, strike méjìlá léra wọn.

Ẹ kọ́kọ́ tún bọ́ọ̀lù yín yẹ̀ wò. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n sí i lára, láti pọ́n-ùn mẹ́fà dé mẹ́rìndínlógún. Ẹ mú mẹ́wàá sí méjìlá. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wọlé tán, kó sì yọ láìfà. Tí ihò bá fẹ̀ jù, ẹ ó máa fún bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, yóò sì pẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ìyẹn ló ń gbé e lọ sí gọ́tà òsì.

Olùkọ́ Ọ̀fẹ́:
Ẹ má wo pin rárá, ọfà tí wọ́n yà sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà ni kí ẹ máa wò. Pin wà ní ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ìlà tí ẹsẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá, ọfà kò ju bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Èwo ló rọrùn láti bá? Pákó mọ́kàndínlógójì ló wà ní ìbú ọ̀nà, ọfà méje sì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ní pákó márùn-ún márùn-ún. Tí ọwọ́ ọ̀tún lẹ ń lò, ọfà kejì tàbí ìkẹta láti ọ̀tún, kí bọ́ọ̀lù lè wọ àárín pin kìíní àti ìkẹta (iwájú ni wọ́n ti ń kà wọ́n, láti òsì sí ọ̀tún). Ọlọ́wọ́ òsì, àárín ìkíní àti ìkejì ni tiwọn.

Ọlọ́wọ́ Òsì:
Strike, strike, ìyẹn nìkan lẹ mọ̀. Spare ló ń gbé máàkì! Ẹ ṣírò ó fúnra yín: èlé strike ni iye tí bọ́ọ̀lù méjì tó tẹ̀ lé e bá wó, èlé spare ni ti ọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó rí strike, tó wó mẹ́jọ péré ní frame tó tẹ̀ lé e, tó tún rí strike, tó tún wó mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin: strike márùn-ún, 130 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò rí strike ẹyọ kan, tó ń wó mẹ́sàn-án tó sì ń kó ẹyọ tó kù ní gbogbo ìgbà: 190.

Ìyá Ìbejì, bí ẹ ṣe máa kó èyí tó kù nìyí. Ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù yín bá pin iwájú gan-an. Tí èyí tó kù bá wà lósì, ẹ sún ẹsẹ̀ sí ọ̀tún: pákó mẹ́ta fún pin kejì, mẹ́fà fún ìkẹrin, mẹ́sàn-án fún ìkeje tó wà ní igun. Ojú ò gbọ́dọ̀ kúrò lára ọfà kan náà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń sún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ta ló sọ pé spare kò wúlò? Bọ́ọ̀lù tí kò bá ọwọ́ mu, kò lè kó spare fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ka ohun tí mo kọ kí ẹ tó fèsì.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Bọ́ọ̀lù wa kò wúwo rárá, mi ò sì rí ìwọ̀n kankan lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní 104 kò tíì dáa, ẹ rántí pé mo ṣe ipò kejì. Géńdé ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gba 61, ariwo rẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Bàtà yẹn ló dà mí láàmú, ó ń yọ̀.

Alákòóso:
Ó yẹ kí bàtà bowling yọ̀ díẹ̀, torí ẹsẹ̀ ìgbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fà nílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká fi bàtà sílẹ̀ ná. Ìyá Ìbejì, ẹ wo fọ́tò yín, kí ẹ kọ iye tí ẹ wó ní frame kọ̀ọ̀kan síbí, ibẹ̀ la ó ti mọ ibi tí máàkì ti bọ́. Ẹ tún sọ bóyá àbúrò ọkọ yín gbé irin ìdènà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà nígbà tó gba 165. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò lè wọ gọ́tà kò ní ẹ̀tọ́ láti fi máàkì yangàn fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì:
Ó yá, bó ṣe wà nínú fọ́tò nìyí:
4 3 2 / 6 4 / 5 2 1 / 7 2 1 / 3 4 2 / 8 2 / 4 3 1 / 6 3 1 / 5 3 1 / 7 3 2

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Kí lèyí? Frame kẹwàá nìkan ni bọ́ọ̀lù ti lè jẹ́ mẹ́ta. Yálà ẹ kọ ọ́ ṣì, àbí ẹ ń ju bọ́ọ̀lù kẹta tí kò tọ́ sí yín. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 104 yẹn kò tó 104.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní olè níta gbangba. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní ká máa jù ú, gbogbo wa la jù ú bẹ́ẹ̀, tí ọ̀gá náà.

Ará Oko Bowling:
Ẹ dúró, ẹ dúró. Ìyá Ìbejì, ìlú wo lẹ wà? Ṣé bọ́ọ̀lù náà ní ihò? Pin tó wó ńkọ́, ṣé wọ́n ń kó o kúrò kí ẹ tó ju ìkejì?

Ìyá Ìbejì:
Worcester, Massachusetts. Kò ní ihò, kékeré ni, ó gba àtẹ́lẹwọ́. Pin tínínrín bí àbẹ́là ni. Èyí tó wó ń wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ju ìkẹta tán. Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ta á níbi gbogbo nìyẹn?

Olùkọ́ Ọ̀fẹ́:
Háà! Ẹ ò bá ti sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé kì í ṣe duckpin nìyẹn?

Ará Oko Bowling:
Rárá. Duckpin náà ní bọ́ọ̀lù kékeré tí kò ní ihò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń jù ú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó pin tó wó kúrò láàárín, pin rẹ̀ sì kúrú, ó sanra níkùn. Èyí tí Ìyá Ìbejì ta, candlepin ni. Worcester gan-an ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1880. Massachusetts, New Hampshire, Maine àti apá ìlà-oòrùn Kánádà ló ti wọ́pọ̀. Gbogbo ìmọ̀ràn tó wà lókè yìí, ti tenpin ni, bowling bọ́ọ̀lù ńlá tó ní ihò. Ó dáa, àmọ́ kì í ṣe eré tó ta.

Nínú candlepin, kò sẹ́ni tó gba 300 rí. Èyí tó ga jù lọ lákọsílẹ̀ ni 245, èèyàn méjì ló gbà á: Ralph Semb ní 1984, Chris Sargent ní 2011. Àwọn ọ̀jáfáfá, ìpíndọ́gba wọn máa ń kọjá 120. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ kì í sábà ju 80 lọ. Nítorí náà 104 dáa, ó dáa gan-an. Ẹni tó gba 61 yẹn, ohun tí àlejò ń gbà ló gbà.

Ìdí tó fi le nìyí. Nínú eré méjèèjì, láti àárín pin kan dé àárín èkejì jẹ́ ínṣì 12. Pin tenpin fẹ̀ ju mẹ́rin ààbọ̀ lọ níkùn, àyè tó kù láàárín méjì kò tó ínṣì mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù fẹ̀ tó mẹ́jọ ààbọ̀. Kò lè gba àárín wọn kọjá láìkàn wọ́n. Pin candlepin kò fẹ̀ tó mẹ́ta, àyè tó kù lé ní mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀lù sì jẹ́ mẹ́rin ààbọ̀ péré. Ó lè gba àárín méjì kọjá, kí ọ̀kankan má mì. Ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn méjì àti áúńsì méje lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú pin kan, ìdí nìyẹn tó fi ń yà kúrò lójú ọ̀nà ní gbàrà tó bá ti gbá nǹkan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Àmọ́ 7 2 1 tó pé mẹ́wàá ńkọ́, ṣé spare nìyẹn?

Ará Oko Bowling:
Kì í ṣe spare. Mẹ́wàá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan, strike. Mẹ́wàá pẹ̀lú méjì, spare. Mẹ́wàá pẹ̀lú mẹ́ta, mẹ́wàá lásán, kò ní èlé. Ẹni tó rí mẹ́wàá lásán ní gbogbo box, bí wọ́n ṣe ń pe frame níbẹ̀, 100 géérégé ló máa gbà. Ìyá Ìbejì wó pin 93. Ó rí spare mẹ́ta, èlé wọn 5, 4 àti 2. Ó pé 104, kò sí olè níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, èlé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Iye tí bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé spare bá wó là ń fi kún spare yẹn, bọ́ọ̀lù yẹn lẹ sì fi wó 5, 4 àti 2. Ká ní ẹ fi wó 7 nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, èlé nìkan á ti di 21. Ẹ fara balẹ̀ sí bọ́ọ̀lù yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ má gbá pin iwájú láàárín gan-an, torí ńṣe ni yóò gún àárín kọjá, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò dúró. Ẹ gbá a ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Tí ẹ bá sì gbá ẹ̀gbẹ́ jù, pin kejì àti ìkẹjọ nìkan ni yóò wó, tàbí ìkẹta àti ìkẹsàn-án. Orúkọ ìlú yín ni wọ́n fi ń pe ìyẹn, Half Worcester.

Igi tó wó, ìyẹn pin tó wà nílẹ̀, irinṣẹ́ yín ni. Tí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀ ní ìbú níwájú pin méjì tó jìnnà síra, igi yẹn ni kí ẹ gbá, òun ni yóò lọ kó àwọn méjèèjì. Tó bá lẹ̀ mọ́ pin tó dúró, ìbáà jẹ́ orí rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù bà, pin yẹn ń lọ. Bọ́ọ̀lù kẹta, ẹ má fi wá iṣẹ́ ìyanu. Pin tó dájú ni kí ẹ mú. Ẹ pàdánù pin méje nínú box márùn-ún tí kò pé mẹ́wàá.

Ọlọ́wọ́ Òsì:
Síbẹ̀, 165 ju 104 lọ. Ẹ wá ọ̀nà tí ẹ ó fi yí ọ̀kan sí èkejì.

Alákòóso:
Kò sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ta tenpin lọ́jọ́ náà, kí ẹ fún Ìyá Ìbejì ní máàkì àfikún bíi ti líìgì. Àwọn kan ń lo ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ láàárín ìpíndọ́gba ẹni àti 220. Ẹni tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 100 yóò gba 108 kún tirẹ̀, ẹni tó ní 165 yóò gba 49.

Ìyá Ìbejì:
Ìpíndọ́gba kẹ̀? Mi ò ta tenpin rí. Àti pé ó ti pẹ́ tí àbúrò ọkọ mi ti fọwọ́ sí ibi tí a máa lọ. Mo bi í pé níbo, ó ní “níbi tí ẹ ti gba 104 yẹn, kí n lè fi ojú mi rí i.” Mo ti sanwó ọ̀nà kan sílẹ̀.

Ọlọ́wọ́ Òsì:
Ẹ sọ fún un o. Kò dáa kéèyàn fa àbúrò ọkọ ẹni sínú pàkúté.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Pàkúté wo? Òun ló yan ibẹ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan.

Ará Oko Bowling:
Ẹ sọ òfin fún un lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà sọ pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Èyí tí ará tenpin máa ń gbàgbé: ìlà kejì kan wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí iwájú ìlà ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ kó tó kọjá ibẹ̀. Tó bá balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pin tó wó kò ní kà. Torí pé bọ́ọ̀lù fúyẹ́, ńṣe ló máa fẹ́ sọ ọ́ bí òkò. Ẹ jẹ́ kí ó ju díẹ̀ fi dán ọwọ́ wò. Kí ẹ sì ta mẹ́ta, kí ẹ ro ó pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo, orí lè ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti gbọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́, ṣé mo lè mú tèmi láti ilé?

Alákòóso:
Ẹ mú tiyín lọ. Kí ẹ mú aṣọ ìnuwọ́ kékeré kan pẹ̀lú. Bọ́ọ̀lù tí kò ní ihò, òógùn àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé e yà.